Yíyọ dáínámò Ìjàpá, fífi alternator sí i: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù

Volkswagen Ìjàpá ni mo ń sọ níbí, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo kó àwọn ìbéèrè yìí jọ nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ná owó lẹ́ẹ̀mejì lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Kí ni dáínámò, kí sì ni alternator?

Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Bẹ́líìtì ń yí wọn, wọ́n ń pèsè iná fún mọ́tò, wọ́n sì ń dá agbára padà sínú bátìrì. Inú dáínámò, wáyà tó ń pèsè iná wà lára irin tó ń yí, kábọ̀n ló sì ń gba gbogbo iná náà jáde. Kábọ̀n ló ru gbogbo ẹrù, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ, tí kò sì lè gbé iná púpọ̀.

Alternator dorí èyí kodò. Mágnẹ́ẹ̀tì ló ń yí láàárín, wáyà tó ń pèsè iná dúró sójú kan yí i ká. Iná díẹ̀ tó ń jí mágnẹ́ẹ̀tì nìkan ni kábọ̀n rẹ̀ ń gbé. Iná tó ń jáde níbẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, dáyóòdù inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di èyí tí bátìrì lè gbà. Dáínámò Ìjàpá fóltì 12 ń pèsè nǹkan bí áńpíà 30 (áńpíà la fi ń wọn bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó), alternator tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀ ń tó 50 sí 55.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó wà lára tèmi?

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, kí ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí wáyà. Bí ó bá jẹ́ D+ àti DF, dáínámò ni. Bí ó bá jẹ́ B+ àti D+, alternator ni. Ẹ tún lè gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè: bí rẹ́gúlétọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń díwọ̀n iná tó ń jáde, tí ọ̀pọ̀ rẹwáyà ń pè ní kọtáòtù, bá wà níbẹ̀ lápá òsì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ dáínámò. Lára àwọn Ìjàpá tó dàgbà jù, orí dáínámò fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí.

Ẹ má fi ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò nìkan mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, àwọn Ìjàpá 1973 ti ń gbé alternator jáde láti ilé iṣẹ́. Nílẹ̀ wa, ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ọ̀nà Badagry bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò pọ̀ ní 1975, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ẹ́ńjìnnì ti kúrò nínú mọ́tò kan bọ́ sínú òmíràn lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Kí ló dé tí iná iwájú mi máa ń rẹ̀wẹ̀sì bí mo bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ?

Dáínámò kì í pèsè nǹkan kan tó dà bí nǹkan bí ẹ́ńjìnnì bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ yí kíkankíkan kí ó tó ṣe é. Ẹ wò ó báyìí: ilẹ̀ ti ṣú, òjò ń rọ̀, ẹ dúró sójú kan, ẹsẹ̀ yín wà lórí búréèkì. Iná iwájú méjèèjì ń jẹ áńpíà 7 ó lé díẹ̀, iná búréèkì ń jẹ 3 ó lé, wáípà ń jẹ 3, kọ́ìlì tó ń tanná sí pọ́lọ́ọ̀gì ń jẹ tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lé ní 15. Inú bátìrì ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde.

Ẹ óò rí i tí ìmọ́lẹ̀ náà pọ́n bí iná àtùpà elépo. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù, á mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, á tún pọ́n. Iná pupa tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú. Kò sí ohun tó ṣe dáínámò náà, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ojú ọ̀nà tó ṣófo ni wọ́n fi ọkàn sí nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ṣé dandan ni kí n pààrọ̀ rẹ̀?

Rárá. Bí ẹ kì í bá wa mọ́tò náà lóru, tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù tàbí rédíò ńlá nínú rẹ̀, dáínámò tó dára tó fún yín. Kí ẹ tó pinnu, ẹ yẹ ohun mẹ́ta wò: bẹ́líìtì, kábọ̀n, àti wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ máa ń yọ̀ lórí púlì. Kábọ̀n tó ti kúrú kì í kan irin tó ń yí mọ́. Wáyà bọ́dì tó ti dípẹtà kì í jẹ́ kí iná rí ọ̀nà padà. Ẹni tó bá sọ dáínámò nù nítorí kábọ̀n ti jìyà lásán.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé mọ́tò yín lẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, èmi á ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tó mú Ìjàpá rọrùn láti bá gbé tó bẹ́ẹ̀.

Fóltì 6 ni mọ́tò mi. Ṣé mo ṣì lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ju alternator lọ. Púpọ̀ nínú àwọn Ìjàpá tó jáde kí ó tó di nǹkan bí 1967 ló jẹ́ fóltì 6. Gbogbo gílóòbù, bátìrì, kọ́ìlì, rílè, mọ́tò wáípà àti hóònù ni ẹ máa gbé lọ sí fóltì 12, gíláàsì tó ń sọ iye epo náà sì nílò ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ parí ìyẹn ná kí ẹ tó fọwọ́ kan dáínámò.

Alternator Toyota pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Ṣé a ò lè fi ìyẹn sí i?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù lọ, ìdáhùn mi kì í sì yí padà: ẹ má ṣe é. Lára mọ́tò mìíràn, púlì iwájú nìkan ni alternator ní. Ti Ìjàpá yàtọ̀. Irin àárín rẹ̀ yọ síta ní apá méjèèjì: púlì wà níwájú, fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sórí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Kò sí omi, kò sí rédíétọ̀. Fáànù yẹn ni ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì náà.

Mo ti rí i tí wọ́n jó irin kún ẹ̀yìn alternator mọ́tò mìíràn kí fáànù lè wọ̀ ọ́. Irin tó bá fi díẹ̀ wọ́ kò ní yí gún régé, fáànù á máa gbọ̀n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí ha pátákó irin tó bò ó. Àwọn alternator tí wọ́n ṣe fún Ìjàpá gan-an ṣì wà lórí ọjà, torí pé mọ́tò yìí pẹ́ láyé: Mexico ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn, ní 2003.

Kí ni gbogbo ohun tí mo máa rà?

Alternator tó ní rẹ́gúlétọ̀ nínú ara rẹ̀, torí ó dín wáyà kù. Ìjókòó alternator, èyí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì 4 dè mọ́ ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ti dáínámò kò bá a mu, bẹ́ẹ̀ ni òrùka irin tó ń dì í mú. Àwo irin méjì tó wà láàárín alternator àti fáànù, torí ihò ti dáínámò kò bára mu pẹ̀lú tirẹ̀. Bẹ́líìtì tuntun. Wáyà tó nípọn.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò kì í sọ: ẹ̀rọ tó ń fa epo bẹntiróòlù. Ti ẹ́ńjìnnì onídáínámò dúró ṣánṣán. Alternator gba àyè tó pọ̀ ju dáínámò lọ, nítorí náà ti ẹ́ńjìnnì oní-alternator tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè lè wà. Ọ̀pá tó ń tì í sókè pàápàá yàtọ̀: ti onídáínámò gùn tó mílímítà 108, ti onítẹ̀ yìí jẹ́ 100. Ẹ ra ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀pá 108 sábẹ́ ẹ̀rọ onítẹ̀, á ti ohun tó wà nínú rẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, epo á kún kábúrétọ̀ bo, tàbí kí ẹ̀rọ náà bàjẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tú dáínámò náà?

Wáyà bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, bẹ́líìtì: sípánà 21 ló ń tú nọ́ọ̀tì púlì, ẹ fi sikurudíráfà há ojú ihò púlì kí ó má baà yí. Ẹ yọ kábúrétọ̀, ẹ tú òrùka irin tó di dáínámò mú, ẹ tú bóòtù 4 tó mú àwo fáànù. Kí dáínámò tó lè jáde, ẹ gbọ́dọ̀ gbé ilé fáànù, ìyẹn pátákó irin ńlá náà, sókè díẹ̀. Ẹ rántí ìdè tẹmọsítáàtì, ohun tó ń darí afẹ́fẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe gbóná sí, tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fà á.

Bí dáínámò bá ti jáde, ẹ máa rí fáànù lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀tì 36 ló dì í mú, ó sì máa ń le gan-an. Ẹ wo ìdí fáànù náà dáadáa kí ẹ tó gbé e sára alternator. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó là níbi tó ti wọ irin, ẹ jù ú nù. Àwọn wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ohun ìdọ̀tí. Àwọn ló ń ṣètò àlàfo láàárín fáànù àti àwo, nǹkan bí mílímítà 2. Ẹ fi ọwọ́ yí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ó ń ha nǹkan.

Bí ẹ bá yọ ìjókòó dáínámò, ihò ńlá kan máa ṣí sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ dí i lójú ẹsẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ju wáṣà síbẹ̀ níṣojú mi rí, ọjọ́ méjì la fi wá a.

Wáyà wo ló ń lọ síbo?

Ẹwà iṣẹ́ yìí ni pé wáyà méjì tó ti wà níbẹ̀ náà lẹ máa lò. Wáyà ńlá tó wà lórí D+ dáínámò máa lọ sórí B+ alternator. Wáyà kékeré tó wà lórí DF máa lọ sórí D+ alternator. Iyẹn ni ti ẹ̀yìn.

Lábẹ́ ìjókòó, ẹ yọ rẹ́gúlétọ̀ kúrò pátápátá. Wáyà ńlá tó wà lórí D+ rẹ̀, ẹ so ó pọ̀ mọ́ àwọn wáyà ńlá tó wà lórí B+ rẹ̀, èyí tó lọ sórí bátìrì. Wáyà kékeré orí DF, ẹ so ó pọ̀ mọ́ èyí tó wà lórí ojú tí wọ́n kọ 61 sí, tó ń lọ sí iná pupa. Búlúù ni wọ́n ṣe é láti ilé iṣẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan o. Mọ́tò tó ti lo ọdún 45 ti la ọwọ́ rẹwáyà púpọ̀ kọjá. Ẹ fi mítà tọ wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tí ẹ ti so wáyà ńlá pọ̀ yẹn, iná bátìrì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, láìsí fíyúùsì. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ fi rọ́bà tó nípọn bò ó, kí ẹ sì dì í mọ́ ibi tí kò ní mì. Orí rẹ̀ gan-an ni ìjókòó ẹ̀yìn wà, sípíríìnì irin ló sì wà nínú ìjókòó náà. Bí ẹni tó sanra bá jókòó, sípíríìnì á tẹ̀ wálẹ̀. Ohun kan náà ló ń mú kí bátìrì Ìjàpá gbiná bí ìdérí rẹ̀ bá ti sọnù. Ẹ wá ìdérí fún bátìrì lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo bẹ̀ yín.

Ṣé wáyà àtijọ́ lè gbé áńpíà 55?

Áńpíà 30 ni wọ́n ṣe é fún. Bátìrì tó ti gbẹ máa fa gbogbo ohun tí alternator bá ní, wáyà á sì gbóná. Ẹ fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bí kò bá ṣeé dì mú, ó ti kéré jù. Èmi máa ń fa wáyà tuntun láti B+ dé abẹ́ ìjókòó, oníwọ̀n 10 lára èyí tí àwọn oníná ilé ń tà, èyí tó rọ̀ kì í ṣe èyí tó le gan-gan. Èyí tó le máa ń ṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mì.

Báwo ni bẹ́líìtì ṣe yẹ kí ó le tó?

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀. Kí ó wọlé tó nǹkan bí mílímítà 15. Àwọn wáṣà tó wà láàárín apá méjì púlì lẹ fi ń ṣètò rẹ̀: bí ẹ bá yọ wáṣà kan láàárín, bẹ́líìtì á le sí i. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ tọ́jú rẹ̀ síta púlì níbẹ̀, lábẹ́ nọ́ọ̀tì. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, torí bẹ́líìtì tuntun máa ń fà.

Iná pupa tàn lójú ọ̀nà. Ṣé mo lè rọra wà á délé?

Ẹ dúró. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Lára mọ́tò mìíràn, iná yẹn ń sọ pé bátìrì kò gba ṣáàjì mọ́, ẹ sì lè rọra dé ilé. Lára Ìjàpá, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, bí bẹ́líìtì bá sì já, fáànù ti dúró. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi máa jóná. Alternator kò yí ìyẹn padà.

Bí ẹ bá rí i pé bẹ́líìtì ṣì wà, tí ó le, tí fáànù sì ń yí, ẹ lè máa lọ, kí ẹ pa gbogbo iná tí ẹ ò bá nílò.

Rẹwáyà ní kí n má fi gílóòbù LED sí iná pupa yẹn. Kí ló fà á?

Òótọ́ ló sọ. Dáínámò ní agbára mágnẹ́ẹ̀tì díẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú irin rẹ̀, ìyẹn ló fi ń jí ara rẹ̀. Alternator ń dúró de iná díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bátìrì kí ó tó jí, inú gílóòbù kékeré yẹn sì ni iná náà ń gbà kọjá. LED kì í jẹ́ kí èyí tó pọ̀ tó kọjá.

Bákan náà, bí gílóòbù yẹn bá jóná, alternator lè kọ̀ láti ṣáàjì títí ẹ fi tẹ tọ́tù gan-an. Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì mọ́tò, iná pupa gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó bá ẹni tó ta alternator jà.

Mo máa ń yá bátìrì ẹlòmíràn sítáàtì mọ́tò, màá wá yọ ọ́ padà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé mo ṣì lè máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Láéláé. Pẹ̀lú dáínámò, ẹ lè mú un jẹ. Pẹ̀lú alternator, bátìrì ló ń gba iná tó bá fò sókè mọ́ra. Bí ẹ bá yọ ọ́, iná náà á fò lọ sókè kọjá ààlà, dáyóòdù àti rẹ́gúlétọ̀ lè kú níṣẹ́jú àáyá kan. Fífi orí bátìrì sódì náà ń pa wọ́n. Bí wọ́n bá sì fẹ́ jó irin lára mọ́tò, ẹ yọ wáyà bátìrì àti ti alternator kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?

Ẹ fi mítà wọn orí bátìrì. Kí ẹ tó sítáàtì mọ́tò, bátìrì tó kún máa jẹ́ nǹkan bí fóltì 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rìn, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.8 àti 14.4. Ẹ tan iná iwájú àti wáípà. Kò yẹ kí ó já sísàlẹ̀ 13. Bí ó bá kọjá 15, ẹ pa á, rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, bátìrì á sì hó.

Ó ń ṣáàjì dáadáa lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bátìrì máa ń kú mọ́jú. Kí ló ṣe é?

Dáyóòdù kan ti lè máa jo. Iná ń gba inú rẹ̀ padà sínú alternator ní gbogbo òru. Èyí ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú tòkunbọ̀ kan tí mo rà, bátìrì méjì ni mo sì ti dá lẹ́bi kí n tó mọ̀.

Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ fi ọwọ́ kan alternator láàárọ̀. Bí ara rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí irin ẹ́ńjìnnì tó kù tutù, òun ni. Láti rí i dájú, ẹ yọ wáyà orí B+, kí ẹ fi gílóòbù kékeré fóltì 12 sáàárín wáyà náà àti B+. Bó bá tàn, bó ti wù kó ṣókùnkùn tó, dáyóòdù ń jo.

Morris Minor ni mọ́tò tèmi, wáyà pọ́sítíìfù ló so mọ́ bọ́dì. Ṣé ohun kan náà ni?

Ó yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà ló so pọ́sítíìfù mọ́ bọ́dì, nẹ́gétíìfù sì ni àwọn alternator tó wà lọ́jà ń lò. Dáínámò Lucas C40 tó wà lára ọ̀pọ̀ wọn ń pèsè áńpíà 22 péré, nítorí náà ẹ̀tọ́ yín ni láti fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ó rọrùn ju ti Ìjàpá lọ lápá kan, torí alternator kò ru fáànù amúẹ́ńjìnnì-tutù lẹ́yìn rẹ̀; Lucas 16ACR tàbí 17ACR máa ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú irin ìdè díẹ̀.

Ẹ yí orí bátìrì padà kí alternator tó wọ mọ́tò. Ẹ yí wáyà kékeré méjì tó wà lórí kọ́ìlì àti èyí tó wà lẹ́yìn mítà áńpíà. Kíkì sítátà kò ní nǹkan kan í ṣe, ọ̀nà kan náà lá máa yí sí. Rédíò àtijọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò pátápátá kí ẹ tó so bátìrì padà, torí bí iná bá wọ inú rẹ̀ lódì, ó ti kú nìyẹn.